Balógun Tó Kúnlẹ̀ ní Kíláàsì Kẹrin

Àkàrà ni mò ń dín ní àárọ̀ Sátidé yẹn nígbà tí ìròyìn náà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú apartment rí ní Brays Oaks ní Houston níbí, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ àkàrà díndín nínú ilé tí fèrèsé ibi ìdáná rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Ẹ ní láti kọ́kọ́ fi aṣọ tútù wé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àjà, èyí tó máa ń han bí ọmọ tuntun tí èéfín bá ti kàn án. Mo ti wé e. Mo ti po ẹ̀wà títí apá fi ń ro mí, òórùn ata àti àlùbọ́sà ti gba gbogbo ilé, Mofẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sì ti jókòó sórí àga gíga, ó ń ṣọ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ jáde nínú epo. Ni fóònù mi bá gbọ̀n lórí tábìlì.

Tíṣà Mofẹ́ ló kọ̀wé. Ó ní kíláàsì kẹrin yóò ṣe Ọjọ́ Ère ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò múra bí ẹni ńlá kan tó ti gbé ayé rí, yóò dúró gbagidi bí ère, yóò sì lẹ bébà pupa róbótó mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ bíi bọ́tìnì. Bí àlejò bá ti tẹ bọ́tìnì náà, ère yóò la ẹnu, yóò sọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ti fa orúkọ jáde nínú agolo, ó sì kọ orúkọ ẹni tó bọ́ sí Mofẹ́ lọ́wọ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo pa iná, mo tún un kà. Ẹnjiníà ológun ni, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó gbé ayé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Nínú gbogbo òkú tó kún inú ìwé ìtàn wọn, òun náà ni. Òun gan-an ni wọ́n fún mi nígbà tí èmi náà wà ní kíláàsì kẹrin ní ìlú Houston yìí, ogún ọdún sẹ́yìn. Mo ní, “Ọkùnrin yìí, kí ni mo fi ṣe ẹ́?”

Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti kọjú sí ọmọ mi, mo ní, “Rárá o. Baba Oníyàrà lo máa ṣe.”

Mofẹ́ wò mí tààrà sójú, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé ta nìyẹn. Ara mi bù máṣọ. Ohùn bàbá mi ló jáde lẹ́nu mi yẹn. Àní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà na “Rárá o” yẹn ni mo gbà nà án. Èmi tí mo ti búra láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé bí mo bá bímọ, n kò ní fi ọ̀rọ̀ Baba Oníyàrà pa á lórí láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí èmi àti màmá mi wá bá bàbá mi níbí. Wọ́n ti wá kàwé ṣáájú wa, wọ́n ti di ẹnjiníà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Stafford níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán kòtò tí omi òjò ń gbà. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í pè é ní kòtò. “Yàrà” ni wọ́n máa ń pè é, bíi pé ogun ló ń bọ̀ láti apá Sugar Land. Bí òjò bá ti rọ̀ tán, tí àwọn ọmọ yòókù ń wo tẹlifíṣọ̀n, àwa ti wọ bàtà rọ́bà, a ti wà létí bayou, odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, a ń wo ibi tí omi ga dé. Òórùn ẹrẹ̀ àti koríko jíjẹrà á gbà wá nímú. Wọn a bu amọ̀ díẹ̀ sí ìka, wọn a fi kan ahọ́n. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti táì, tó ń tọ́ ilẹ̀ wò níṣojú àwọn òyìnbó tó ń sáré ìdárayá kọjá. Wọn a tu itọ́ dànù, wọn a ní, “Amọ̀ ibí yìí ò ṣeé finú hàn. Ó ń wú lójò, ó ń là lẹ́ẹ̀rùn.” Lẹ́yìn náà wọn a sọ èyí tí wọ́n máa ń sọ nígbà gbogbo: “Omi ò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a jiyàn tó borí.”

Láti ara Baba Oníyàrà ni wọ́n ti jogún ilẹ̀ títọ́wò. Bàbá tó bí bàbá bàbá wọn ni. Ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ń wà mí lọ sílé ìwé, nínú ọkọ̀ tó ń rùn òórùn kápẹ́ẹ̀tì tútù, ìtàn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ dípò rédíò. Mo mọ̀ ọ́n ju orúkọ ara mi lọ.

Ilé amọlé, àwọn tó ń fi amọ̀ mọ ògiri, ni wọ́n ti bí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Kò lè sáré, kò mọ ọfà ta, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ilẹ̀ kan ahọ́n, yóò sọ fún ọ bóyá ògiri tí o fẹ́ mọ síbẹ̀ yóò dúró tàbí yóò wó. Nígbà tí ogun ń kó ìlú káàkiri, àwọn olórí ogun ìlú wa ń pariwo ìbọn, òun ń tọ́ ilẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú po, kó jìn tó ìdúró èèyàn mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ sápá inú, kí wọ́n fi mọ odi, kí wọ́n gbin igi ẹlẹ́gùn-ún sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀tá dé, wọ́n dó ti ìlú fún oṣù mẹ́fà, wọ́n gba odò. Ṣùgbọ́n Baba Oníyàrà ti la ojú omi kan gba abẹ́ odi wọlé kí wọ́n tó dé. Ìlú ń mumi, ọ̀tá ń retí kí òùngbẹ pa ìlú. Nígbà tó sú wọn, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Bí amọlé ẹlẹ́sẹ̀ kan kúkurú ṣe di Balógun nìyẹn. Ibi tí bàbá mi ti máa ń parí rẹ̀ kò yí padà rí: “Láti ọjọ́ náà, kò kúnlẹ̀ fún ẹnì kan, kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kan, àfi ọba nìkan. Bọ́ sílẹ̀, a ti dé ilé ìwé.”

Màá wá gbé báàgì mi, màá wọlé, màá jókòó, n kò sì ní sọ̀rọ̀ títí di aago mẹ́ta.

Ìyẹn ni wàhálà mi. N kì í ṣe odi. Nílé, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé bí àgbà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, kí n wolẹ̀, kí n má sì la ẹnu àfi bí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀. Màmá mi máa ń sọ ọ́ bíi kátíkísìmù: “Ọmọ tó bá mọ ìyá ẹ̀ lójú, òṣì ni yóò ta á pa.” N kò fẹ́ kí òṣì ta mí pa. Nítorí náà, bí tíṣà bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, màá tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Tó bá ní kí n wo òun, màá wo bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, ìyẹn sì ti pọ̀ jù lójú tèmi. Àwọn ọmọ yòókù ń ju ọwọ́ sókè, wọ́n ń pariwo ìdáhùn lé àgbàlagbà lórí, mo ń wò wọ́n, mo ń ronú pé òṣì yóò ta gbogbo wọn pa.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ilé ìwé pe àwọn òbí mi. Mo wà níbẹ̀. Tíṣà ní òun kò mọ̀ bóyá mo gbọ́ ohun tí òun ń kọ́ mi, nítorí n kì í wo èèyàn, n kì í sì í sọ̀rọ̀. Ó ní Ọjọ́ Ère ń bọ̀, gbogbo ọmọ ni yóò sọ̀rọ̀ fún àlejò, òun yóò sì máa kọ bí oníkálukú bá ṣe ṣe sílẹ̀. Bí mo bá lè sọ ìtàn mi tán lọ́jọ́ náà, ó ti tán. Bí n kò bá lè sọ ọ́, wọn yóò dá mi padà sí kíláàsì kẹta. A dé inú ọkọ̀. Bàbá mi di ìdarí ọkọ̀ mú, wọ́n ní, “Ọmọ ọmọ Balógun. Kíláàsì kẹta.”

Nígbà tí a fa orúkọ nínú agolo, ọ̀gágun Amẹ́ríkà yẹn bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìlú olótùútù ni wọ́n ti bí i. Ó lọ sílé ìwé àwọn ológun, ó mọ ìṣirò, ó ń wọn odò, ó ń kọ́ ilé iná sétí òkun kí ọkọ̀ ojú omi má baà forí sọ òkúta. Nígbà tí wọ́n ní kó mọ odi ogun sórí ilẹ̀ àbàtà, ó ri igi gẹdú mọ́lẹ̀ ná, ó wá kọ́lé lé e. Ogun abẹ́lé wọn dé, ó di ọ̀gágun. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Màmá mi rí kóòtù aláró kan ní ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà, wọ́n gán bọ́tìnì aláwọ̀ wúrà mọ́ ọn, mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí, mo sì rí bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin tí a jọ dé ìlú yìí ní kékeré, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. N kò fẹ́ dára jù wọ́n lọ. Mo kàn fẹ́ kí n jọ wọ́n fún ọjọ́ kan.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Ọjọ́ Ère pé nígbà tí bàbá mi rí kóòtù náà. Wọ́n dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bi mí pé ta ni mo fẹ́ ṣe. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ́. Mo kà á. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ débi pé mo rò pé inú wọn dùn.

“Ẹni tó ń gbẹ́ yàrà, tó ń mọ odi, tó wá di olórí ogun,” ni wọ́n wí. “Ṣé wọn ò ní irú ẹ̀ nílé bàbá tìrẹ ni? Ọdún tí tiwọn ń gbẹ́, tiwa náà ń gbẹ́. Bàbá oníbàbá lò ń sunkún, tìrẹ sì wà nílẹ̀. Rárá o. Baba Oníyàrà lo máa ṣe.”

Màmá mi yọjú láti ibi ìdáná. Wọ́n ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ dákun, ọmọ yìí ti mọ ti òyìnbó sórí. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ kíláàsì kẹta.” Bàbá mi ní kò sí ohun tó le níbẹ̀, pé ọmọ tó ti ń gbọ́ ìtàn kan láti ọdún kan, ṣé kò lè sọ ọ́ ni? Wọ́n pe tíṣà lórí fóònù. Tíṣà náà ń rọra ṣe nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ní òun kò bọ̀wọ̀ fún àṣà ẹlòmíì, ó gbà. Gbogbo èèyàn ló gbà àfi èmi, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Kóòtù aláró wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Bàbá mi fúnra wọn ló rán gbérí, ẹ̀wù ogun tí Balógun yóò wọ̀. Ẹnjiníà ni wọ́n, wọn kì í ṣe télọ̀. Wọ́n gé báàgì ìwé wọn àtijọ́, aláwọ pupa rúsúrúsú, wọ́n fi rán oǹdè kéékèèké, bí oògùn àwọn jagunjagun, mọ́ ara ẹ̀wù, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wú díẹ̀, ni wọ́n bá ki ewé tíì bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Balógun tó ń rùn bíi tíì Lipton. Wọ́n fẹ́ fún mi ní idà, màmá mi rán wọn létí pé ọlọ́pàá ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, wọ́n wá fi páálí gé ọkọ́ dípò rẹ̀. Ní alaalẹ́ wọ́n ń kọ́ mi bí Balógun ṣe ń dúró: ẹsẹ̀ kan síwájú, àyà sókè, ojú gbọọrọ. Bí mo bá ti wolẹ̀, wọn a ní, “Orí sókè. Balógun kì í wolẹ̀.” Mo fẹ́ bi wọ́n pé ta ni kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹni tó ní kí n wolẹ̀ ni tàbí ẹni tó ní kí n má wolẹ̀, nítorí ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í bi àgbà nírú ìyẹn.

Ọjọ́ Ère pé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé ń rùn bíi ọṣẹ ìfọlẹ̀ àti písà. Wọ́n tò wá yí ògiri ká, ọgbọ̀n ère, bébà pupa lẹ́yìn ọwọ́ kálukú. Tíṣà wà láàárín, ó di pátákó ìkọ̀wé mú, ojú rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi léraléra.

Ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ bọ́tìnì mi ni ọ̀gá ilé ìwé fúnra wọn, ìyá àgbà kan tí orí wọn funfun bí òwú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo rí ewú, orúnkún mi kò sì béèrè lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ gbì, tòun ti gbérí, tòun ti ọkọ́ páálí, mo ní, “Good morning, ma.”

Ọ̀gá ilé ìwé sún sẹ́yìn. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí mo ti kúnlẹ̀ báyìí, ẹnu mi ṣí. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo ti kí àgbà, mo ti ṣe ohun tó yẹ, ọ̀rọ̀ nìkan ló wá kù kí n sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wàhálà tó kù ni pé ọ̀gágun méjì ló wà lórí mi, ìbẹ̀rù sì ti wó odi tó wà láàárín wọn. Mo ní orúkọ mi ni Baba Oníyàrà. Mo ní ìlú olótùútù ni wọ́n bí mi sí, mo sì lọ sílé ìwé ológun pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi kúkurú. Mo ní mo kọ́ ilé iná sétí òkun, mo tọ́ òkun náà wò. Mo ní nígbà tí ọ̀tá dó ti ìlú wa, mo ri igi gẹdú mọ́lẹ̀, a ń mumi.

Ọ̀gá ilé ìwé pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíì wá. Mo tún kúnlẹ̀. Bàbá kan tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn kọjá, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fi ṣeré, mo kúnlẹ̀ fún un, mo pè é ní sà, ojú ọkùnrin náà yí padà. Kò pẹ́ tí ìlà fi gùn níwájú mi, nítorí èmi nìkan ni ère tó ń kúnlẹ̀, tó ń dìde. Ọmọ kan tó dúró bí olórí orílẹ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọ̀gágun wo ló ń bẹ̀bẹ̀ báyìí. Orúnkún mi ti pọ́n. N kò lè jáwọ́. Àgbà ni gbogbo wọn.

Ni bàbá mi bá dé, láti ibi iṣẹ́, akoto lábẹ́ apá, ẹrẹ̀ lára ṣòkòtò. Wọ́n tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn, wọ́n sì ti ibẹ̀ wo bí Balógun ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹni mẹ́rin kí ó tó kàn wọ́n. Wọ́n dé iwájú mi. Wọ́n tẹ bọ́tìnì náà pẹ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún wọn ju bí mo ṣe kúnlẹ̀ fún àwọn yòókù lọ.

“Dìde,” ni wọ́n wí lábẹ́lẹ̀. “Balógun kì í kúnlẹ̀.”

“Dádì, ẹ̀yin mà ni.”

“Mo ní kí o dìde.”

Mo dìde. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mo gbé àyà sókè. Mo wo bàbá mi lójú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ sì wọlé lọ. Kò ku ẹyọ kan. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn lókè. Mo rí tíṣà tó yí pátákó rẹ̀ sókè, tó ń sún mọ́ wa pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bàbá mi náà rí i. Wọ́n wo bírò yẹn, wọ́n wò mí, wọ́n wo oǹdè tíì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán. N kò rí bàbá mi kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn mì rí kí ọjọ́ yẹn tó dé.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Kúnlẹ̀ bí o ṣe ń ṣe é. Sọ ọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń gbọ́. Bàbá mi gbọ́ pé Baba Oníyàrà jáde nílé ìwé ológun. Wọ́n gbọ́ ilé iná etí òkun. Ìlú wa kò ní òkun, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ kan gbáko ni a fi ń wakọ̀ dé etí òkun tó sún mọ́ wa jù. Ṣùgbọ́n wọn kò tún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣe. Nígbà tí mo parí, tíṣà kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé gbogbo ohùn yìí wà nínú mi. Kò dá mi padà síbì kankan.

Èmi, bàbá mi àti màmá mi tó ti ń wò wá láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, a wọ ọkọ̀. Òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń da omi láti inú garawa, àwọn ọkọ̀ sì ti ń dúró, àwa náà yà sábẹ́ afárá freeway, a dúró. Níbẹ̀ ni bàbá mi ti wá rí ohùn wọn. “Ilé ìwé ológun. Amọlé ti ìlú wa. Pẹ̀lú ilé iná.” Màmá mi tó jókòó níwájú ń fi ìborùn bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Èmi ń sunkún lẹ́yìn. Mo ní mo ti ba Baba Oníyàrà jẹ́, pé mo kúnlẹ̀ fún gbogbo ayé, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀.

Bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ó kúnlẹ̀ rí.”

Màmá mi yíjú sí wọn. Àwọn náà kò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà náà, wọ́n dé ilé ìyá àgbà kan tó ń mọ ìkòkò. Ọ̀nà tí odi fẹ́ gbà yóò fi ilé rẹ̀ sí inú, yóò sì fi ibi tó ti ń bu amọ̀ sí ìta. Ìyá náà kọ̀. Ó ní bí ìlú bá ní odi tí kò ní ìkòkò, kí ni wọn yóò fi pọn omi? Wọ́n rán ọmọ ogun sí i, ó gbé ìkòkò tó ń mọ lọ jókòó sínú yàrà. Baba Oníyàrà wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá ń mọ ìkòkò lọ, kò wẹ̀yìn. Ni ọkùnrin náà bá dìde, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì bí ìyàwó tuntun, níṣojú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Ìyá wá gbójú sókè, ó ní, “O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tẹ odi rẹ yí ibi amọ̀ mi po.” Ó tẹ̀ ẹ́. Odi ìlú wa ní ìgúnpá níbẹ̀ di òní.

Gíláàsì ọkọ̀ ti kún fún ooru ẹnu wa. Bàbá mi fi ìka ya odi kan sórí rẹ̀, ó lọ gbọọrọ, ó sì tẹ̀ níbì kan. Wọ́n ní bí odi bá lọ gbọọrọ, ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò lè rí ẹni tó fara mọ́ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní ìgúnpá yẹn ń rí ẹsẹ̀ odi lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí lé ọ̀tá tó fẹ́ gùn ún. Wọ́n ní wọn kì í sọ ibi tó ti kúnlẹ̀ nílé àwọn, nítorí ìtìjú ni.

Inú bí mi débi pé ẹkún mi dá. Odidi ọdún kan nínú ọkọ̀ yìí, òwúrọ̀ lẹ́yìn òwúrọ̀, ibi kan ṣoṣo tó lè ran ọmọ bíi tèmi lọ́wọ́ ni wọ́n fi pamọ́. Inú ṣì ń bí mi. Bí ẹ bá rí bàbá mi ní League City níbi tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí tíṣà Mofẹ́ kọ̀wé ní Sátidé yẹn tí bàbá mi fi pè mí. Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ tíṣà ránṣẹ́ sí wọn kí n tó ronú. Wọn kò kí mi dáadáa. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, wọn èjìká ọmọ yẹn fún mi. Gbérí yẹn ṣì wà nínú àpótí. N ó kàn tú u sílẹ̀ díẹ̀.” Mo ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́.” Wọ́n ní tíì inú rẹ̀ ni àwọn máa pààrọ̀. Mo ní màá pè yín padà, sà.

Nígbà tí mo yíjú, Mofẹ́ ti wá ọ̀gágun náà jáde lórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àkàrà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó ní òun fẹ́ ẹ nítorí àwọn ilé iná etí òkun, òun kò sì fẹ́ ẹlòmíì. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó wò mí lójú, kò ṣẹ́jú. Mo dúró pẹ̀lú ṣíbí oníhò lọ́wọ́. Ní ọdún mẹ́sàn-án tèmi, mi ò lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, “mo fẹ́ ẹ”, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ gbà mí lóúnjẹ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí báyìí, mò ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní daycare láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, mò ń sọ fún àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n máa gbọ́ ti ọmọ. Tèmi wá dé, mo pariwo “Rárá o” lé e lórí, kò tíì jẹ àkàrà kan tán. Mo ṣì ń wolẹ̀ bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀, lórí fóònù náà.

Mo fà á mọ́ra. Mo ní, “Ṣe ẹni tí tíṣà fún ẹ. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Dúró gbagidi, kí o wo àwọn èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n bí Grandpa bá tẹ bọ́tìnì ẹ, kúnlẹ̀ kí o tó la ẹnu.”

Ó ní ọ̀gágun kì í kúnlẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀kan kúnlẹ̀ rí. Bàbá ńlá ẹ ni.” Mo fi àkàrà mìíràn sínú àwo rẹ̀, mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń mọ ìkòkò.